Àga Tí Baba Afárá Kò Jókòó Lé Rí

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Wọn ò sọ fún wa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí òótọ́ bá lé e bá tán, tí irọ́ wá yíjú padà, tó sì fọ́ òótọ́ létí. Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan tó ń fá orí jẹun.

Onígbàjámọ̀ ni. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Abẹ-Ò-Dunni, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù òun. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ń fi òwú dí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn etí jáde níbẹ̀ kì í bá a jiyàn. Ta ni yóò bá ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ jiyàn? Ènìyàn rere ni o. Kì í jalè, kì í jà, kì í sì í gba ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run dá tí kò fi ìlẹ̀kùn sí. Bí ó bá ń fá orí, bí ọwọ́ ṣe ń lọ ni ẹnu ń sáré kọjá ọwọ́, nígbà tí irun bá sì fi máa tán lórí ènìyàn, onítọ̀hún á ti gbọ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tó èyí tí yóò gbé délé fún aya àti ọmọ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Dígí tó wà lára ògiri ti ń ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wo etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ọrùn bí àkùkọ. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sí àgbàlá kékeré tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó yìí. Aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń fọ̀, a máa sá wọn sórí okùn, a máa lọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi le gbagidi, a sì máa gbé wọn lọ fún àwọn tó ni wọ́n. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú ilé wọn, ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Àárín ṣọ́ọ̀bù ni àga wà. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ni apá rẹ̀, ó sì wúwo bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ọ̀pá irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àga á rọra dá ẹni tó wà lórí rẹ̀ nà, tí onítọ̀hún yóò fi máa wo àjà ilé bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lóògùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nítorí a kò ṣe àga náà fún irun fífá. Ayọyín kan ló ni ín. Nígbà tí ayọyín kú, opó rẹ̀ ní ojú àga yẹn kò jẹ́ kí òun sùn, igbe gbogbo ẹni tí ọkọ òun yọ eyín fún ló ṣẹ́ kù sínú tìmùtìmù rẹ̀, ó sì tà á ní ọ̀pọ̀ fún baba onígbàjámọ̀. Ìtàn àga kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí afọbajẹ níbẹ̀, kò sí ológun.

Ohun tó da irọ́ sílẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Ọmọ náà gbé ẹ̀rọ ìfárí oníná wá, ó gbé fáànù wá, ó fi dígí bo ògiri méjèèjì, ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ á máa rí ara rẹ̀ lọ títí bí ẹgbẹ́ ológun. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rékọjá títì. Àwọn tó dàgbà tí wọn ò lè sáré nìkan ló ṣẹ́ kù fún Abẹ-Ò-Dunni.

Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí jókòó lọ́jọ́ kan, wáyà inú àga sì gún un nídìí. Baba náà fò dìde.

"Irú àga burúkú wo lo fi ń pa ènìyàn báyìí?"

Kí onígbàjámọ̀ tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti lọ. "Ẹ rọra, Baba! Ẹ má bú àga yẹn! Baba Afárá ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n fi fá orí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá!"

Baba Afárá, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni ọkùnrin tó kọ́ afárá àkọ́kọ́ sórí odò ìlú náà. Ère rẹ̀ wà níwájú gbọ̀ngàn ìlú. Ó dé fìlà, irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ dé àyà, àwọn ẹyẹlé sì ti sọ èjìká rẹ̀ di ilé ìgbẹ́. Ó ti kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti gbàgbé ibi tí wọ́n sin ín sí, kí ayọyín tó ra àga rẹ̀ ní tuntun.

Ṣùgbọ́n baba tí wáyà gún yìí rọra padà jókòó. Ó jókòó bí ẹni tó jókòó lórí ẹyin. Nígbà tí wọ́n fá orí rẹ̀ tán, ó fọwọ́ pa apá àga, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi nǹkan lé owó iṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn tó rékọjá títì bẹ̀rẹ̀ sí í rékọjá padà.

Ẹnìkan gbìyànjú àtidán an wò. Ó ní, "Abẹ-Ò-Dunni, ère yẹn kúkú ní irùngbọ̀n. Kí ni wọ́n wá fá?"

"Orí ni wọ́n fá."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ìwọ náà ò rí i pé ó dé fìlà ni?"

Onítọ̀hún ṣí fìlà, ó jókòó lórí àga.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí Ọ̀gá Tíṣà nìyẹn. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni Ọ̀gá Tíṣà yìí. Ìjọba gba pátákó àti ẹgba lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò rántí gba ohùn. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì ló ti ń wá ẹni tí yóò jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ òun, òun ló sì dá Ẹgbẹ́ Atọ́jú-Ìtàn sílẹ̀, tó fi ara rẹ̀ ṣe alága. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun ẹgbẹ́ náà: wọn kò ní ìtàn kankan lọ́wọ́ tí wọn yóò tọ́jú.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó yí àga ká, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gún awọ tó ti ya. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó sọ fún onígbàjámọ̀ tí irun rẹ̀ ti funfun, nítorí ó kọ́ ọ ní kíláàsì kejì. "Ìwọ ọmọ yìí, irú nǹkan báyìí wà lọ́wọ́ rẹ, o wá ń jẹ́ kí ìdí gbogbo ayé máa bà á jẹ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Owó àtúnṣe ni ò sí."

"A ó kó o jọ! Gbogbo ìlú ni yóò dá a!"

Ẹ̀yin náà ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fi aṣọ àkísà dí ihò àga láti ọjọ́ pípẹ́, tí wáyà ń lé oníbàárà lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹnìkan wá ní òun yóò fi awọ tuntun bò ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé yóò ní rárá, irọ́ ni mo pa? Ó dọ̀bálẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ń fún aṣọ lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Tíṣà lọ tán, ó yọ orí.

"Bàbá wọn, àga ayọyín yẹn náà ni?"

"Má jẹ́ kí ará ìta gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ọjọ́ ìkówójọ pé, ẹ má bi mí. Wọ́n gbé àga lọ sórí pèpéle gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ti kọ́kọ́ yọ nínú owó tí wọn ò tíì rí láti fi ya àwòrán àga sára fìlà, wọ́n sì ń ta fìlà náà lẹ́nu ọ̀nà. Baba Onísìmẹ́ǹtì, tó ń ta sìmẹ́ǹtì fún gbogbo ẹni tó ń kọ́lé nílùú, wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú ayàwòrán tó bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe àánú níbi tí iná fọ́tò kò bá ti tàn. Bí ó bá fẹ́ dìde fi owó sílẹ̀, á wo ẹ̀yìn wò bóyá ayàwòrán ti múra.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ń ṣèlérí, ọwọ́ ń wá àpò tì. Ẹnìkan ní òun yóò san tòun bí òun bá délé. Ilé ọ̀hún wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn títí di òní olónìí. Aránṣọ kan ní owó kò sí lọ́wọ́ òun ṣùgbọ́n òun fi gbogbo ọkàn òun sílẹ̀ fún ìtàn ìlú.

"Gbé ọkàn rẹ padà," ni Ọ̀gá Tíṣà wí lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "a ò lè fi ọkàn ra awọ."

Ìyá àgbàlagbà kan nàró lẹ́yìn. "Ẹ dákun, gọ́tà iwájú ilé mi tó dí ńkọ́? Omi wọlé tọ̀ mí wá lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ìyá," ni wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn, "ẹ jẹ́ ká parí ti àtijọ́ ná."

Baba Onísìmẹ́ǹtì dìde níkẹyìn. Owó tó fi sílẹ̀ pọ̀ débi pé gbogbo àwọn tó ti ṣèlérí ni ara tù, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún rántí tiwọn. Àtẹ́wọ́ sọ bí òjò orí páànù. Wọ́n wá ní kí ẹni tó ni àga sọ̀rọ̀.

Abẹ-Ò-Dunni gun pèpéle. Kò sí ẹni tó fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn rí láyé rẹ̀. Ó rí orí rẹpẹtẹ níwájú rẹ̀, orí tó ti fá àti èyí tó ń retí láti fá, inú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Ó dá aṣọ funfun sẹ́yìn, ó nawọ́ sí àga.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Àga yìí kì í ṣe tèmi! Tiwa ni! Tiwa àti tọmọtọmọ wa ni!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Àtẹ́wọ́ yẹn dùn mọ́ ọn, ó tún un sọ. Ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fi ìbúra tì í lẹ́yìn.

Lọ́nà ilé, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọjá ìkóríta, ó ní, "Bàbá wọn, ta lẹ gbé àga fún?"

"Mo gbé e fún ta? Ọ̀rọ̀ orí pèpéle ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán."

"Ẹnu lásán náà lẹ fi fẹ́ mi," ni obìnrin náà wí, ó sì kọjá síwájú.

Wọ́n gbé àga lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ àga. Abẹ-Ò-Dunni gbé àpótí ìdáná sáàárín ṣọ́ọ̀bù. Àpótí yìí rẹlẹ̀ débi pé bí oníbàárà bá jókòó, orúnkún rẹ̀ á kan àgbọ̀n, onígbàjámọ̀ á sì tẹ̀ba lé wọn lórí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àwọn ènìyàn á yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Àga ìtàn dà?"

"Ó lọ gba ìtọ́jú. Ó ń bọ̀. Wọlé jókòó."

"Á á, má ṣèyọnu. Jẹ́ kí n lọ dúró dè é lọ́hùn-ún."

Lọ́hùn-ún náà ni ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin òdìkejì. Wọ́n lọ dúró níbẹ̀, wọ́n sì ń fá orí lórí ìdúró. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: oúnjẹ ilé wọn ló ń rékọjá títì. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló kù tó ń bọ́ tọkọtaya.

Nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí, ó háyà ọmọlanke, òun fúnra rẹ̀ tì í lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, ó ń súfèé. Ó wọlé, ó rí àga. Háà! Awọ pupa ni wọ́n fi bò ó, wọ́n kun ẹsẹ̀ irin ní àwọ̀ wúrà, wáyà kò yọ níbì kankan. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí okùn pupa tí wọ́n fi yí i ká, ó rí pátákó tó ní KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ JÓKÒÓ, ó sì rí òkúta dídán kan tó tóbi ju àga lọ, tí orúkọ Baba Onísìmẹ́ǹtì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà, tí orúkọ àwọn aṣèlérí tò sí ìsàlẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Ọ̀gá, mo wá gbé àga mi."

Ọ̀gá Tíṣà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Àga ta?"

"Tèmi, sà."

"Kí lo wí lórí pèpéle? Ìwọ lo búra, a ò fi tipá mú ọ. Ṣé o fẹ́ gba ìtàn lọ́wọ́ ọmọ tí wọn ò tíì bí ni?"

"Ọ̀gá, kí ni n ó wá fi ṣiṣẹ́?"

"Ìtàn," ni Ọ̀gá Tíṣà wí, "kì í ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀, ó yọ gègé, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ti ọmọlanke òfìfo padà sílé. Kò súfèé. Ó jókòó lórí àpótí fúnra rẹ̀, ó ń wo àmì ibi tí ẹsẹ̀ àga ti jẹ ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́.

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ní àga ayọyín ni. Ta ni yóò fi okùn pupa yí àga ayọyín ká?"

"Gbogbo ìlú ni yóò fi mí ṣẹ̀sín."

"Ẹ̀sín kì í pa ènìyàn. Ebi ńkọ́?"

Ó ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń gbayì, kí ó wá fi ẹnu kan náà já ara rẹ̀ sí ìhòòhò láwùjọ! Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń ro ó, ṣọ́ọ̀bù sì dá páropáro. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ pé, ó lọ, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó ṣí fìlà.

"Ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Baba Afárá kò jókòó lórí àga yẹn rí. Ọwọ́ opó ayọyín ni baba mi ti rà á. Eyín ni wọ́n ń yọ lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi."

Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀gá Tíṣà rọra yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Onígbàjámọ̀ di ojú, ó ń retí èébú.

"Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí?" Ohùn Ọ̀gá Tíṣà ń gbọ̀n. "Ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n yọ eyín Baba Afárá pẹ̀lú!"

"Háà!" ni gbogbo ilé wí.

"Rárá o, sà, ohun tí mo ń wí ni pé..."

"Láti ìgbà yìí wá, a rò pé orí nìkan ni! Àṣé ìrora ló fi kọ́ afárá! Àṣé eyín ń ro ó!"

"Ọ̀gá, ó ti kú kí ayọyín tó..."

"Jókòó! Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ pọ̀ jù. O fẹ́ fi irọ́ bo ìtàn mọ́lẹ̀ kí o lè gbé àga wa lọ, àbí? A mọ̀ ọ́."

Baba Onísìmẹ́ǹtì ti nàró, ó ń wo ẹ̀yìn bóyá ayàwòrán wà níbẹ̀. "Èmi ni n ó ra gíláàsì tí a ó fi eyín náà sí!"

"Eyín wo?" ni Abẹ-Ò-Dunni béèrè, ṣùgbọ́n ìkówójọ kejì ti bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tún ṣèlérí.

Kò pẹ́ tí eyín kan fi wà nínú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó pọ́n, ó gbó, ó yẹ ẹni ńlá. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Ọ̀gá Tíṣà bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ń súfèé jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan.

Báyìí ni òótọ́ lọ sí ìpàdé, tí wọ́n lù ú, tí wọ́n sì dá a dúró kí ó máa ṣọ́ irọ́. Abẹ-Ò-Dunni délé, ó ń ronú. Kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ohun tó ń rò ni pé bí òótọ́ kò bá já okùn pupa yẹn, nǹkan tó so ó náà ni yóò tú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ di aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì lérù, ó gbé e jáde. Ọkọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń wo àgbàlá. Bàsíà tí obìnrin náà fi ń fọṣọ ló dojú bolẹ̀ lára ògiri, ó ń gbẹ nínú oòrùn. Idẹ ni, ó tóbi, ìdí rẹ̀ nípọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fi fọṣọ kí ó tó kan ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì ni ín kí ó tó kan ìyẹn. Òun nìkan nínú ilé náà ló pẹ́ láyé ní tòótọ́, kò sì sí ẹni tó kówó jọ fún un rí.

Onígbàjámọ̀ tún lọ háyà ọmọlanke.

Ó bá Ọ̀gá Tíṣà àti Baba Onísìmẹ́ǹtì ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń wọn ibi tí wọn yóò gbé òkúta kejì sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò dìde.

"Kí ló tún dé?"

"Ìtìjú ni, sà. Ìtìjú ìlú wa ni mo gbé wá. Mo gba ojú àwọn ará òdìkejì odò kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín wa."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín kí ni?"

"Wọ́n ní ìdí là ń bọ."

"Kí lo wí?" Baba Onísìmẹ́ǹtì ti ju okùn ìwọ̀n sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin àgbà. Baba Afárá, ṣé ìdí ló fi ronú afárá ni, àbí orí? Orí ni! Ohun tó kan orí rẹ̀ wà nílé mi, bàsíà tí wọ́n fi fọ orí náà kí wọ́n tó fá a. Ohun tó kan ìdí rẹ̀ lẹ wá fi okùn pupa yí ká. Orí wà nílẹ̀, à ń fi wúrà kun ìdí. Baba, ẹ dákun, ẹ wo ibi tí orúkọ yín wà."

Baba Onísìmẹ́ǹtì wo òkúta. Ó wo ìjókòó àga. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Orúkọ mi... lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí?"

"Gẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sà. Ẹni tó bá ya fọ́tò ìdí ti ya yín mọ́ ọn."

"Ẹ gbé e kúrò!" ni ọkùnrin náà pariwo. "Ẹ gbé àga yìí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kíákíá!"

Ọ̀gá Tíṣà fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ó rí bàsíà lórí ọmọlanke, ó rí bí idẹ rẹ̀ ṣe pọ́n, tó sì tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ìka kàn án. "Ibí yìí," ó ń súfèé láàárín eyín, "ibí yìí ni ó fi ọrùn tì!" Omijé tún bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tú okùn pupa, wọ́n gbé bàsíà wọlé, àwọn fúnra wọn ló sì bá onígbàjámọ̀ gbé àga sórí ọmọlanke, Baba Onísìmẹ́ǹtì ló tì í jùlọ.

Bí ó ṣe ń ti àga bọ̀ láàárín ìlú, awọ pupa ń dán, ẹsẹ̀ wúrà ń kọ mànà, àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin òdìkejì títì jáde síta, ó gbá ẹnu mú. Oníbàárà tò sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó gbé àga sọ̀ tán. Inú Abẹ-Ò-Dunni dùn débi pé ẹnu rẹ̀ padà wálé. Ní ti bàsíà, ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe: yóò ra oníke kan fún ìyàwó rẹ̀, aláwọ̀ ewé, tí kò wúwo. Obìnrin á sì dúpẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ dé. Ó rí àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kí àwọn oníbàárà, ó gba àárín wọn kọjá sí àgbàlá láti lọ rẹ aṣọ tó gbà bọ̀. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Bàbá wọn, bàsíà mi dà?"

"Ẹ̀n, mo fẹ́ sọ fún ọ. N ó ra tuntun fún ọ. Oníke, ó fúyẹ́..."

"Bàsíà ìyá mi dà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó débi orí, ó débi ìdí, àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, obìnrin náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wá rọra rìn lọ sídìí àga, ó nu awọ pupa náà pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó jókòó. Ó gbé apá méjèèjì lé apá àga. Ó tẹ ọ̀pá irin, àga sì dá a nà, ó ń wo àjà ilé.

Ẹni tó kàn láti fá orí yọ ọrùn. "Ìyá, ẹ fẹ́ fá orí ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Mo ń dúró de bàsíà mi ni. Ẹ lọ gbé e wá, ọkọ mi. Mi ò ní kán yín lójú."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ọkọ rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ gbé e, nítorí apá obìnrin náà le, apá ẹni tó ti ń fún aṣọ láti kékeré ni. Àwọn oníbàárà dúró díẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rékọjá títì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Abẹ-Ò-Dunni fi abẹ sílẹ̀, ó dé fìlà, ó tún ti ọmọlanke òfìfo sọ́nà gbọ̀ngàn ìlú. Ó ń lọ, ó ń gbìyànjú irọ́ wò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọ bàtà wò. Bí ó bá ní ẹsẹ̀ ni Baba Afárá fọ̀ nínú bàsíà, wọn yóò fi ẹsẹ̀ kún un. Bí ó bá ní bàsíà ti ń jò, wọn yóò kówó jọ láti dí i. Òótọ́ pọ́ńbélé náà wá sí i lẹ́nu nígbà tó dé iwájú ère: bàsíà ìyá ìyàwó mi ni, ẹ gbé e fún un. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé, ó gbọ́ ìsúfèé Ọ̀gá Tíṣà, ó ń sọ fún àwọn àlejò pé Baba Afárá ní ìyàwó kan tó jẹ́ alágbàfọ̀. Onígbàjámọ̀ gbé òótọ́ mì, ó jókòó sórí ọmọlanke lábẹ́ àwọn ẹyẹlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí irọ́ kìíní.